Bàbá Kòtíìyá, Ẹni Tó Mọ Ọjọ́ Tó Yẹ Kí Á Fọ́n Oògùn Sára Àjàrà

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1949, nígbà tí olóògbé ké igbe àkọ́kọ́, gbogbo èso tó wà lórí igi ní àdúgbò wa pọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣì jẹ́ òdòdó sáré di èso, wọ́n sáré pọ́n, wọ́n sì rọra já sínú apẹ̀rẹ̀ láìfarapa. Àwọn ẹyẹ jẹ títí wọn ò lè fò mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ sílé. Ojú mi báyìí ló ṣe. Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n tó bí èmi tí mò ń kọ ìwé yìí. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú bíi tèmi kò nílò kó tíì dé ayé kó tó máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìdúró tini. Ẹbí ló ní kí n kọ ìtàn yìí, nítorí èmi ni àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún olóògbé, àwo kan náà la sì fi jẹun dàgbà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi ọdún mẹ́ta ka ìwé karùn-ún kó lè wọ̀ mí lára dáadáa. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó fọwọ́ bò ó. Àkọ́bí olóògbé, ọmọ wa obìnrin tí yóò tẹ ìwé náà, ti kìlọ̀ fún mi: "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ kọ 'olóògbé', ẹ kọ 'àwa ẹbí'. Ẹ má kọ 'èmi, èmi' bí ẹni tó ń du ipò." A ti gbọ́.

Ìyàwó olóògbé náà sọ tirẹ̀, kò sì pọ̀. Ó ní òun ò bèèrè ẹwà èdè. Ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́, pé kí ìwé yìí sọ òtítọ́ nípa ìlà kẹrìnlá. Ó ní láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń pe ọkọ òun ní Bàbá Ìlà Kẹrìnlá, tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun ò sì gbà gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ọwọ́ ọkọ òun ló ba ìlà yẹn jẹ́. Ó ní orúkọ náà kò gbọdọ̀ bá a wọlẹ̀. Bó bá bá a wọlẹ̀, òun á mú ọkọ́, òun á lọ wú u jáde. A kọ ọ́ sílẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Ọdún 1949. Ilé onípákó kan tó wà lẹ́yìn oko ni a bí olóògbé sí. Bàbá rẹ̀ ni Alápòótí, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan àpótí tí wọ́n ń kó èso sí, ọmọ olùtọ́jú igi, ọmọ ọmọ olùtọ́jú igi. Alápòótí kò ní sùúrù rárá. Ìṣó tó bá ti wò lójú, fúnra rẹ̀ ló ń wọlé kí òòlù tó kàn án. Ìyá rẹ̀ ni Aránpò, ẹni tó ń rán àpò, tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. Olóògbé ni ìkejì, ẹni tó ń kọ ìwé yìí sì ni àbígbẹ̀yìn. Àárín àwọn tí ẹnu wọn kì í sinmi yìí ni Ọlọ́run ju ọmọ kan sí tí ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èèrà fi ń sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, gbé ohùn sókè."

Ọdún 1956. Wọ́n fi olóògbé sí ilé-ìwé. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún méje. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Ó kàn máa ń wo ìbéèrè yí po kó tó fọwọ́ kàn án ni. Lọ́jọ́ ìdánwò àṣejáde ní 1963, gbogbo ọmọ ti fi ìwé sílẹ̀, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù níta, olùkọ́ sì dúró tì í pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé kò tíì yá ni?"

"Kò tíì yá, sà."

Olùkọ́ lọ jẹun, ó padà dé. "Kò tíì yá síbẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

Agbálẹ̀ gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Nígbà tí yóò fi jọ̀wọ́ ìwé náà, irùngbọ̀n tuntun ti hù lójú olùkọ́. Máàkì mẹ́rìnléláàádọ́fà ló gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Kòtíìyá. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn orúkọ yìí, ìdí sì nìyẹn tó fi wà lórí ìwé.

Ọdún 1969. Olóògbé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oko àjàrà. Ti ìdílé méjìlá tó para pọ̀ di ẹgbẹ́ ni oko náà. Ogójì ìlà ni. A gbin igi àjàrà sẹ́sẹ̀ òpó, a sì na wáyà láti òpó dé òpó kí igi lè rí nǹkan dì mú. Àpótí ló kọ́kọ́ ń gbé. Méjìlá ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ wa obìnrin ní kí á dín in kù, a sì ti dín in kù. Ogún la kọ́kọ́ kọ.

Ọdún 1972. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ọ̀gbìn wá kọ́ ẹgbẹ́ ní oògùn tí wọ́n ń fọ́n sára èso kí wọ́n tó ká a. Àwọn yòókù ń wo bàtà ọkùnrin náà tó ń dán. Olóògbé nìkan ló ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á là á yé ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí. Oògùn náà kì í pa kòkòrò, kì í pa koríko. Igi fúnra rẹ̀ ní ohun kan nínú ara tó fi ń sọ fún èso pé, "Ó tó, múra, à ń lọ". Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní họ́mónù. Oògùn yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dún ketekete létí èso. Bí òru bá móoru jù lásìkò tí àjàrà pupa fẹ́ pọ́n, àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde dáadáa. Á dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á pín sí méjì, apá kan pupa, apá kan àwọ̀ ewé, bí ẹni tó gbàgbé láti bọ́jú tán. Ẹ fọ́n oògùn sí i lọ́jọ́ tó tọ́, ní ìwọ̀n tó tọ́, gbogbo ṣírí á pupa pọ̀ láìṣe ojúsàájú. Ẹ fọ́n ọn kí ọjọ́ tó pé, ẹ kàn wẹ̀ ẹ́ lásán ni. Ẹ fọ́n ọn kọjá ìwọ̀n, á fi ìbínú pọ́n. Á rọ̀, á sì já.

Ìdérí ìgò oògùn kan sí páǹpù kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ìwọ̀n tí olóògbé ń lò nìyẹn. Omi òjò inú àgbá ló ń fi pò ó, nítorí omi kànga wa le, ó sì ń ba oògùn náà jẹ́. Àárọ̀ kí oòrùn tó mú ló ń fọ́n ọn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ara ṣírí ló sì ń dojú ẹnu páǹpù kọ, kì í ṣe ewé. Lẹ́yìn náà á jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan èso. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ó fọ́n ọn gan-an, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Á rin ìlà dé ìlà, á máa ka èso mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, kò sẹ́ni tó lè mú un gbé páǹpù. "Èso tó bá ń tijú là ń bá sọ̀rọ̀," ló máa ń wí. "Èyí tí kò tíì tijú, kò tíì gbọ́ èdè."

Ọdún 1974. Olóògbé gbéyàwó. Oníwọ̀n ni ìyàwó náà ní ilé ìkó-èso, ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í parọ́, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ òṣùwọ̀n kejì. Fún odidi ìkórè mẹ́rin ni olóògbé fi ń gbé àpótí wá síwájú rẹ̀, á dúró, á wò, á sì yí padà. Lọ́jọ́ kan, oníwọ̀n fi pẹ́ńsù rẹ̀ lélẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Kòtíìyá, àpótí yín ti kúrò lórí òṣùwọ̀n láti àárọ̀. Kí lẹ ṣì ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá ó ti yá ni."

"Ó ti ń rọ̀ o! Bí ẹ bá dúró di ìkórè tó ń bọ̀, ilẹ̀ lẹ ó ti ṣà á."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì ni olóògbé, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn òbí oníwọ̀n láti tọrọ rẹ̀. Oníwọ̀n kò tíì bọ́jú. Nínú gbogbo ọdún tó lò láyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó sáré nìyẹn, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1980. Wọ́n fi olóògbé ṣe adènà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń ṣí fèrèsé, á sì máa fi ọgbọ́n tó ń lò lóko ka àwa tí à ń wọlé. Ẹni tí kò bá wá, olóògbé á mọ̀, á sì lọ kí i nílé kí ọjọ́ náà tó parí. Àdúrà rẹ̀ kúrú. "Olúwa, Ìwọ lo mọ ìgbà. Àmín." Áńgẹ́lì tó ń gbé àdúrà náà lọ kì í tíì na ìyẹ́ tán tó fi máa gbọ́ àmín.

Ọdún 1987. A ti dé ìlà kẹrìnlá.

Lọ́dún náà, òru gbóná. Ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àbẹ́là ń yọ́ láìtàn án, tí adìyẹ ń yé ẹyin bíbọ̀. Èso tóbi, èso dùn, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò pupa. Oníbàárà tó ń kó gbogbo èso ẹgbẹ́ sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án. Ọkùnrin náà ní páálí kan tí wọ́n kun àwọ̀ pupa sí. Èso tí kò bá pupa tó páálí, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yìnyín ti ba ìkórè ọdún tó ṣáájú jẹ́. Bí ti ọdún yẹn náà bá lọ, ẹgbẹ́ á tú, ìdílé méjìlá á sì kó ẹrù wọn jáde nínú ilé oko.

Olóògbé ni olórí àwọn afọ́noògùn, nítorí náà òun ni gbogbo ojú ń wò. Alága ẹgbẹ́, ọkùnrin oníkùn tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ, ń tẹ̀ lé e láti ìlà dé ìlà.

"Kòtíìyá, fọ́n nǹkan yìí!"

"Kò tíì yá, Alága. Mo ka mẹ́wàá, ọ̀kan ò tijú."

"Bí èso ò bá tijú, ṣé ìwọ náà ò ní tijú? Ìdílé méjìlá!"

"Bí mo bá fọ́n ọn lónìí, Alága, mo kàn wẹ̀ ẹ́ ni."

"Ìgbà wo ló máa wá yá? Ìgbà tí a bá ti gbẹ́rù karí?"

Olóògbé bọ́ sí ìlà tó kàn, ó ń kà. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, oúnjẹ tó bá gbé síwájú rẹ̀, òun náà ló ń gbé padà.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹfà oṣù náà, tí gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan wọ ilé oògùn. A kò mọ ẹni náà. Àwọn kan ní àǹjọ̀nú ni; ìwádìí tiwa fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìjì. Ẹni yòówù kó jẹ́, onínúure ni, ó sì lẹ́wà lọ́kùnrin. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀gbọ́n... kí wọ́n máa fi olóògbé ṣẹlẹ́yà ni. Ó rò pé bí ìlà kan bá ṣàdédé pupa, ariwo ayọ̀ á sọ, wọ́n á sì gbé olóògbé sórí èjìká. Ó da ìdérí mẹ́fà oògùn sínú páǹpù kan, ó pọn omi lé e, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fọ́n ìlà kẹrìnlá láti òpó àkọ́kọ́ dé òpó ìkẹyìn, àtewé àtèso. Lẹ́yìn náà ó fọ páǹpù, ó dá a padà síbi tó wà, ó sì lọ dùbúlẹ̀ bí ẹni tí inú ń run.

Lọ́jọ́bọ̀, ìlà kẹrìnlá pupa. Ó pupa tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá abẹ́rẹ́. Alága fò sókè, oko mì tìtì.

"Kòtíìyá, ìwọ alárékérekè yìí! O ti ṣe é lábẹ́lẹ̀! Ó yá, fọ́n gbogbo ìlà tó kù báyìí báyìí!"

Olóògbé fi àtàǹpàkò gbé èso kan. Ó wo ewé. Ewé ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀!"

"Bí ìlà yìí bá ṣì dúró lọ́jọ́ Ìsinmi, Alága, màá fọ́n gbogbo oko bí ẹ ṣe wí."

Kò dúró. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa ya oko pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Alága na ọwọ́ kan ṣírí kan, gbogbo rẹ̀ sì tú dà sórí bàtà rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Wáyà mì, ìlà náà sì ń já lọ, tó, tó, tó, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Òfin ẹgbẹ́ yé gbogbo wa. Ẹni tó bá fọwọ́ kan oògùn láìgbàṣẹ, òun àti ìdílé rẹ̀ ni yóò kúrò ní oko lọ́jọ́ náà.

"Ta ló fọ́n èyí?" Alága bèèrè. Ohùn rẹ̀ kéré lọ́jọ́ náà.

"Èmi ni," olóògbé wí. "Mo fi ìlà kan dán an wò."

"Ìwọ? Ìdérí mélòó lo fi sí i?"

"Mo ti gbàgbé."

Òun ló ní àṣẹ lórí oògùn, nítorí náà wọn ò lé e lọ. Wọ́n ní kó fọ́n àwọn ìlà tó kù nítorí kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe, lẹ́yìn náà kó sọ̀kalẹ̀ lórí ipò, kó sì máa fọ páǹpù fún ìkórè méjì. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: látàrí ohun tí ojú wọn rí ní ìlà kẹrìnlá, kò sẹ́ni tó tún kán an lójú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ka mẹ́wàá, ọ̀kan ń tijú. Ó ka ìlà mìíràn, bákan náà. "Ó yá," ló wí, a sì gbọ́ ọ láti ìpẹ̀kun oko. Ìdérí kan, omi òjò, ara ṣírí nìkan. Nígbà tó fi máa di ọgbọ̀n ọjọ́, ìlà mọ́kàndínlógójì ti pupa délẹ̀. Oníbàárà fi páálí rẹ̀ wé èso àkọ́kọ́, ó wò ó, ó sì rọra ti páálí bọ àpò nítorí ojú ń tì í. Kò sí ìdílé kan tó kó ẹrù.

Ohun tó ṣẹ́kù ni orúkọ. Bí olóògbé bá ti na ọwọ́ sí nǹkan, ẹnì kan á ní, "Bàbá Ìlà Kẹrìnlá, ẹ rọra o, kó má já bọ́!" Àwọn ọmọdé tí a kò tíì bí lọ́dún yẹn náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rí.

Ọdún 1989. Alága fúnra rẹ̀ gbé páǹpù kọ́ olóògbé lẹ́yìn padà, olóògbé sì tún di olórí afọ́noògùn títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 2011. Ìlà kẹrìnlá náà kò kú. A gé ẹ̀ka rẹ̀, ó rú padà, ó sì so lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Láti ọdún 1995 ni olóògbé ti ń lọ kọ́ àwọn olóko mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ́ àwọn olóko ọ̀pẹ̀ òyìnbó bí èèpo èso wọn ṣe lè pọ́n pọ̀ kí wọ́n lè kó o lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ́ àwọn tí èso wọn ń já kí ọjọ́ tó pé pé oògùn mìíràn wà tó ń sọ fún èso pé, "Fara balẹ̀, dì mú." Kì í ta oògùn, kì í gba ẹ̀bùn. Ìwé kékeré kan ló máa ń fún wọn, tó kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ pé: "Ẹ kọ́kọ́ kà á." Ìwé yẹn ti dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. A gbọ́ pé ó ti dé inú òṣùpá, ṣùgbọ́n ìyàwó olóògbé ní kí á pa èyí rẹ́, a ó sì pa á rẹ́ bí àyè bá wà.

Ọmọ wa obìnrin, àkọ́bí rẹ̀, ló gba páǹpù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, tí àìsàn ti dá olóògbé dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ náà ń gbé èso mẹ́wàá wá fún un nínú àwo ní àràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó nawọ́ sí ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mi orí pé ó ti yá. Ọmọ náà lọ fọ́n oko. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, olóògbé sùn, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Bí ẹ bá ń lọ sílé lónìí, ẹ gba ọ̀nà oko. Gbogbo ìlà ti ń pupa, ìkórè sì kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó fi ìyàwó sáyé, oníwọ̀n tí ó fẹ́ fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọmọ mẹ́rin: afọ́noògùn, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àti awakọ̀ tó ń kó èso ẹgbẹ́. Ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án. Àtọmọdọ́mọ méjì tí èyí àgbà nínú wọn ti ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àti àbúrò kan.

Ibí ni a fẹ́ parí rẹ̀ sí. A gbé ìwé náà lọ sí pálọ̀ lọ́sàn-án òní, a sì kà á sókè fún ìyàwó olóògbé. Nígbà tí a kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọkọ mi kékeré," ló wí, bó ṣe ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, "ẹyẹ mélòó ló fẹsẹ̀ rìn lọ sílé?"

"Ẹgbẹ̀rún. Wọ́n lè tó ẹgbàá."

"Àpótí mélòó lọkọ mi ń gbé?"

"Méjìlá. Tàbí ogún. Ìyàwó wa, ó dá lórí bí atẹ́gùn bá ṣe fẹ́."

"Ìdérí mélòó ló wọ inú páǹpù?"

"Mẹ́fà."

"Kì í ṣe méje?"

"Háà, mẹ́fà ni!"

Ọmọ wa obìnrin fọwọ́ bo ẹnu.

"Láti 1974," ni ìyàwó olóògbé wí, "mi ò gbọ́ kí ẹ sọ iye kan tó dúró sójú kan rí. Ẹgbẹ́ wádìí títí, wọn ò mọ iye ìdérí. Ọkọ mi tó mọ iye èso orí igi sọ pé òun ti gbàgbé. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò mọ̀ ọ́n ni. Ìdérí mẹ́fà yìí, ta ló kà á fún yín?"

Nítorí náà, ìyókù yìí ni mò ń kọ pẹ̀lú ìyàwó olóògbé lẹ́yìn àga mi, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí àga náà. Ó ní kí n má pa ohunkóhun tí mo kọ ṣáájú rẹ́, kí gbogbo ayé lè rí irú ẹni tí mo jẹ́.

Èmi ni. Kì í ṣe ìjì. Èmi ni mo fọ́n ìlà kẹrìnlá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ mi kejì ní ilé ayé lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá sì mọ̀, ojú títì ni èmi, ìyá rẹ̀ àti òun ì bá sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ kí èso tó já. Òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì; ó kà wá, ẹnì kan dín. Ó wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bèèrè nípa inú rírun, ó di ọwọ́ mi mú, òórùn oògùn sì wà lára ọwọ́ mi náà. Kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tó ti gba ẹ̀bi níwájú gbogbo èèyàn, ó tún wá. Ó gbé ọmọ mi, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní, "Lọ́la, wá bá mi pọn omi òjò. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Omi yẹn ni mo ń pọn fún un títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìkórè kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ fún ara mi pé màá jẹ́wọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹni tó ń kọ àsọdùn nípa ohun gbogbo, òtítọ́ kan ṣoṣo yìí ni kò lè gbé. Ẹ̀gbọ́n mi kò ba èso kan jẹ́ rí ní ayé rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sí ọkàn yín, kí ẹ sì fi orúkọ burúkú náà sílẹ̀ lára rẹ̀ láti òní lọ.

Mo ka èyí sókè. Ìyàwó wa nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún yẹn. "Mo sọ fún wọn," ló ń wí. "Mo sọ fún gbogbo wọn!" Lẹ́yìn náà ó dá ẹjọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé tí a ó sin olóògbé, kí n dìde níwájú gbogbo yín, kí n fi ẹnu ara mi ka ojú ewé yìí, kí n sì gba orúkọ náà láti ọjọ́ náà lọ. Mo búra pé màá ṣe é. Mo fi Bíbélì búra, mo fi òṣùwọ̀n rẹ̀ búra.

Ẹ sùn ire, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín, kí àwọn ọmọ yín ká èso tó pọ́n dénú, kí ẹnikẹ́ni má tún fi orúkọ tí kì í ṣe tiyín pè yín, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún.

Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ni. Ìyàwó wa ti lọ ṣí i fún wọn. Fèrèsé yìí kò ga púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ bá rí àga kan tó ṣófo níwájú, ẹ jẹ́ kí ọmọ wa obìnrin bá mi kà á, ohùn rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Bàtà mi wà lábẹ́ tábìlì, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.

"Ọkọ mi kékeré! Níbo lẹ ń gbé ẹsẹ̀ yẹn lọ?"

Ó ti rí mi. Mo ti bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.